Ìdajì Ọlọ Nínú Òkúta Ìkòsì

Ìdajì ọlọ kan wà nínú òkúta tí típà dà sí ẹnu ọ̀nà wa ní Ìkòsì. Ẹnikẹ́ni kò tíì lọ ata lórí rẹ̀ rí. Ojú òòlù ṣì hàn lára rẹ̀ kedere, gbogbo ojú rẹ̀ ṣì rí ṣákiṣàki, àfi pé ó là sí méjì bí iṣu tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Bàbá tó rí i gbé e lé orí itan, ó jókòó sórí òkúta tó kù, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, ìgbà yẹn ni gbogbo onílé tó wà ní ìsàlẹ̀ máa ń sáré kiri. Lọ́dọọdún ni omi ń wọ àgbàlá wa, tí a ó máa gbé bàtà lé orí àga. Lọ́dún yìí, onílé wa, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, pinnu pé òun yóò fi òkúta dí ilẹ̀ náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó rí awakọ̀ kan tó ń ta òkúta wẹ́wẹ́ ní ẹ̀dínwó. Kò bèèrè ìdí ẹ̀dínwó. Èmi náà kò bèèrè, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ni iṣẹ́ mi.

Bàbá tó jókòó sórí òkúta yìí ni ó ń bá àdúgbò tún ọlọ ṣe. Láti Kétu títí dé Mile 12 ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, pẹ̀lú òòlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó nínú àpò. Ọlọ tó bá ti pẹ́ máa ń dán, ata á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Bàbá á jókòó tì í, á máa fi òòlù gún ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tún mú. Iṣẹ́ náà kò pọ̀ mọ́. Ó ti sọ fún mi rí nípa ilé kan nínú ẹ̀sìtéètì tí wọ́n ti pè é, tó dé ibẹ̀, tó bá ọlọ níbi tí wọ́n ti fi í dá ilẹ̀kùn dúró.

"Mo ní, 'Mummy, ṣé ilẹ̀kùn yìí ló fẹ́ lọ ata ni?' Wọ́n ní rárá, pé ẹwà ló wà fún. Mo bá wọn tún un ṣe. Ilẹ̀kùn wọn mú dáadáa báyìí."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò ṣe àwàdà.

"Aunty," ó ní, "òkúta ibo nìyí?"

"Típà ló gbé e wá, Bàbá. Òkúta lásán ni."

"Mo mọ̀ pé òkúta ni. Mo ní, òkúta ibo?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ìlú òkúta rí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn mí. Òkúta tí ẹ̀rọ fọ́, ó ní, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo rẹ̀ máa ń jẹ́, etí rẹ̀ á mú, eruku funfun á sì bò ó. Èyí tó wà níwájú wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àgbọn. Apá kan rẹ̀ mọ́, òjò ọdún pípẹ́ sì ti sọ apá kejì di dúdú. Ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ ihò kékeré kan lára rẹ̀.

"Ibi tí òòlù ti bà á rèé. Wo bó ṣe tẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ eléyìí, ọwọ́ òsì ló ń lò."

Ó wá mú méjì, ó fi gbá ara wọn létí mi. Ó dún gooro, bí ìgbà tí wọ́n fi ṣíbí lu abọ́ tánganran.

"Òkúta wa ni," ó ní. "Òkè tiwa ni wọ́n dà síbí."

Ìlú rẹ̀ wà ní Òkè-Ògùn, ní ẹsẹ̀ òkè kan. N kò tíì dé ibẹ̀ títí di òní, ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu rẹ̀ àti ẹnu àwọn ará ilé rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ọkùnrin ibẹ̀ ń gun òkè lọ gbẹ́ ọlọ. Obìnrin ń gbin ata àti ilá sí ilẹ̀ dúdú tó wà nísàlẹ̀. Àṣà kan sì wà tí gbogbo agbẹ́lọ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Tí ó bá parí iṣẹ́ lóòjọ́, yóò kó gbogbo èérún òkúta tó bọ́ lára ọlọ sínú agbọ̀n, àti ọlọ tó bá fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò rù ú wá sí ẹsẹ̀ òkè, yóò tò ó sórí èyí tí àwọn baba rẹ̀ ti tò síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹun kí ó tó ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mú ẹyọ kan kúrò níbẹ̀, ì báà ṣe láti fi dá ààrò.

"Kí ni wọ́n sọ pé ó fà á?" mo bèèrè.

"Wọ́n ní eegun òkè ni, pé òkè mọ iye eegun rẹ̀. Ẹni tó bá kó o, òkè á bínú." Ó gbé ìdajì ọlọ náà kúrò lórí itan. "Èérún yẹn ti di ògiri, Aunty. Ó gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ òkè dé òpin. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sì ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ilé wọn ni àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti kó ògiri yẹn wá sí Èkó, kín ni yóò dá omi dúró lẹ́yìn ilé wọn? Òjò ò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ mọ́."

Onílé wa jáde sí wa báyìí, ó so ìró mọ́ àyà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí òkúta mi. Àwọn bíríkìlà ti ń bọ̀."

"Mummy, òkúta yìí kì í ṣe òkúta tí èèyàn ń tà."

"Ó dáa. Mo ti rà á."

"Ògiri ìlú wa ni."

"Ògiri?" Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún òun. "Bàbá, ẹ wo ara ilé mi níbẹ̀ yẹn. Ẹ rí ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá? Ó dé ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì iná. Ìlú yín ní òkè. Kí lèmi ní?"

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni burúkú. Ó fún wa ní nọ́ńbà awakọ̀, ó ní típà kejì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Awakọ̀ dé ní déédéé ìgbà tí wọ́n ń kírun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ wa. Ọkùnrin tó sanra ni, tó ní ẹ̀rín lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ìwé àti kálámù lọ́wọ́ mi, ó gbé ẹ̀rín náà pamọ́.

"Aunty, èmi ò jí òkúta o. Àwọn ọmọ onílùú ló ń dì í fún wa. Wọ́n tiẹ̀ máa ń kọrin tí wọ́n bá ń dì í."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń gbé e?" Bàbá bèèrè.

"A pọ̀ díẹ̀, Bàbá. Àwọn kan ń gbé e lọ sí Ìbàdàn."

"Èló ló kù níbẹ̀? Mi ò bèèrè owó o. Mo ní, gíga rẹ̀."

Awakọ̀ ronú. Mo fẹ́ràn ẹlẹ́rìí tó bá ń ronú kó tó dáhùn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ báyìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, tí mo bá jókòó sídìí ọkọ̀, òkúta nìkan ni mò ń rí níwájú mi. Lánàá, mo jókòó síbì kan náà, mo rí màmá kan tó ń fọ ewébẹ̀ níwájú ilé wọn. Wọ́n tiẹ̀ juwọ́ sí mi."

Bàbá dì mọ́ ilẹ̀kùn típà.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," ó ní. "Wọn ì bá ju òkúta sí ọ."

Lójú ẹsẹ̀ ló pe àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ agbẹ́lọ nílé. Ó ṣí fóònù sílẹ̀ kí n lè gbọ́. Wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n bèèrè ìyàwó àti ewúrẹ́, kí Bàbá tó wá jágbe mọ́ ọn.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kó èérún òkè? Ṣé orí yín pé?"

Àbúrò náà dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti ń retí ìbéèrè náà tipẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni."

"Èmi wo?"

"Ẹ̀yin. Nígbà tẹ́ ẹ wá ṣe Iléyá. Ẹ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ ní àwọn baba wa kàn ń fi òkè dẹ́rù bà wá ni. Ẹ ní ní Èkó, òkúta ni òkúta ń jẹ́, pé tí wọ́n bá rí irú èyí tó wà nílẹ̀ níbí, wọn ò ní fi sílẹ̀ fún alángbá. Gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ló gbọ́. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín."

Mo wo Bàbá. Kò sẹ́ ẹ. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó tún un dé.

Àbúrò náà kò tíì parí. Ó ní kí a má rò pé inú àwọn dùn. Ọlọ kò tà mọ́, ẹ̀rọ ìlọta wà ní gbogbo ìkóríta, àwọn ìyàwó tuntun ń mú bùlẹ́ńdà wọlé ọkọ. Ilé iṣẹ́ kan sì ti ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta ní apá kejì òkè láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. "Òkè ń gbọ̀n, ẹ̀gbọ́n. Òkúta tó dára lójú, tó dún dáadáa, tí mo bá gbẹ́ ẹ dé ìdajì, á là. Ó ti là sínú kí n tó fọwọ́ kàn án. Èmi tí mi ò kì í fọ́ ọlọ, mò ń fọ́ ọ báyìí. Èérún nìkan ló kù tí ẹnì kan ń rà. Àwọn ọmọ tí ì bá ti wá gun ọ̀kadà lọ́dọ̀ yín, owó rẹ̀ ni wọ́n fi jókòó sílé. Kí la fẹ́ jẹ?"

Ìdajì ọlọ tó wà lẹ́sẹ̀ wa wá yé mi. Mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń lo ọwọ́ òsì.

"Èmi ni," ó dáhùn. "Ta lẹ̀ ń jẹ́, mà?"

Ẹ̀gbọ́n obìnrin ni Bàbá pe kẹ́yìn, ó sì fà á títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Mo rò pé obìnrin náà yóò sunkún tàbí kí ó ṣépè. Kò ṣe ọ̀kankan. Ohùn rẹ̀ le koko. Ó ní omi ti wọ yàrá ẹ̀yìn ní ìparí òjò èṣí, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Ó ní òjò àkọ́rọ̀ tó máa ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, ńṣe ló ń dà báyìí bí ẹni tí wọ́n mú bínú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Bàbá ní, "ṣé òkè ló ń bínú?"

"Òkè wo? Má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun kankan nínú èérún yẹn ju èérún lọ. Omi ni wọ́n tò ó fún. Ó ń jẹ́ kí omi jò kọjá díẹ̀díẹ̀, ó sì ń di erùpẹ̀ mú fún oko wa. Ìyá wa sọ fún mi nígbà tí mo ṣì ń gbé agbọ̀n tẹ̀ lé wọn lọ sóko. Ìyá tiwọn ló sọ fún wọn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

"Ẹ bèèrè ni? Ẹ̀yin ọkùnrin, wọ́n ní kẹ́ ẹ tò ó, ẹ tò ó. Wọ́n ní òkè á bínú, ẹ̀rù bà yín. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ la mọ ohun tó ń ṣe." Mo gbọ́ adìyẹ kan lẹ́yìn rẹ̀. "Àgbàrá ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Èmi ò ní gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi nìkan ò lè tò ó."

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n má bàa ṣì í.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ṣe ìpàdé ní Kétu, nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Bàbá ní kí n bá òun lọ. Mẹkáníìkì, aránṣọ àti awakọ̀ ni wọ́n pọ̀ jù, wọ́n jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún wọn kan àgbọ̀n. Wọ́n gbàdúrà ní ti Mùsùlùmí, wọ́n gbà á ní ti Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n sì ráhùn sí ẹni tí àdúrà rẹ̀ gùn jù nínú méjèèjì. Bàbá gbé ìdajì ọlọ náà ka orí tábìlì olùkọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti abẹ́ igi máńgòrò náà, kò fi bò.

"Áà! Bàbá, ẹ jókòó sábẹ́ máńgòrò, ẹ sì ta òkè!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Mo tà á," Bàbá ní. "Ẹnu ni mo fi tà á. Mi ò tiẹ̀ gba kọ́bọ̀."

Aránṣọ kan dìde, ó ní kí wọ́n dá òkúta padà. Ojú gbogbo wọn bá yí sí mi, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni òkúta wà. Mo ní láti sọ òtítọ́: àwọn bíríkìlà ti tẹ́ ẹ, wọ́n ti da kọnkéré lé e lórí. Mo sọ ohun tí onílé wa ní kí n sọ tí wọ́n bá bèèrè: "Kí wọ́n wá gbé e, kí wọ́n sì gbé omi mi náà dání." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé lọ́dún yìí, bàtà mi yóò wà nílẹ̀.

Ọkùnrin mẹkáníìkì kan bèèrè ohun tí èmi náà ti ń rò. Tí wọ́n bá lé típà, kí ni àwọn ọ̀dọ́ yóò ṣe? Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n wá bá òun nínú yàrá kan ní Kétu. Obìnrin kan tó ń ta ata ní Mile 12 dá a lóhùn. Ó ní ata ẹsẹ̀ òkè yẹn máa ń tètè pọ́n nígbà tí tàwọn mìíràn kò tíì dé ọjà, ó sì wọ́n nígbà náà. Kí ọkùnrin sọ̀kalẹ̀ wá bá obìnrin dáko, kí wọ́n to èérún tó kù padà ná. Àwọn ọkùnrin kan mí kanlẹ̀. Lójú tiwọn, agbẹ́lọ kì í wọ oko ata, iṣẹ́ obìnrin ni. "Ẹ ṣáà máa mí," obìnrin náà ní. "Bùlẹ́ńdà ò ní í dúró dè yín."

Wọ́n dìbò, èyí tó pọ̀ jù sì gbà pé kí wọ́n lé típà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ pe ààfin lórí fóònù níwájú gbogbo wa. Ẹni tó gbé e ní ààfin sọ pé ìgbìmọ̀ ọba ti gbọ́, pé láti àárọ̀ ọ̀la ni wọn yóò ti fi igi dábùú ọ̀nà típà, gbogbo ilé tó ní agbẹ́lọ yóò sì mú ẹnì kan wá láti to èérún padà sẹ́yìn ilé tó wà nísàlẹ̀. Bàbá ní òun yóò wọ ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ Ajé.

Wọ́n wá pe òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó gbé e, ó ní òun ń jẹun. Mo bèèrè ohun tí wọn yóò ṣe. Ó ní àwọn yóò dé ẹsẹ̀ òkè lọ́jọ́ Ẹtì láti wọn ohun tó kù. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ àpáta kò sí lọ́wọ́ àwọn, lẹ́tà ni àwọn yóò kọ sí ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ yóò sì kọ sí Àbújá. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ akọ̀wé, ó sọ fún un pé omi ti wọ yàrá ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n òun, ó sì bèèrè pé tí òjò bá ṣáájú ọjọ́ Ẹtì dé ńkọ́.

"Kí màmá má sùn sí yàrá ẹ̀yìn," òṣìṣẹ́ náà ní. "Kí wọ́n ti kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀ láti alẹ́ òní. Àwa yóò dé lọ́jọ́ Ẹtì."